Kùkùté Méjì Lóko Bàbá Àdìsá

Àwọn kan wà tí ebi kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi, àwọn kan wà tí owó kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ní ti Ràúfátù, "kí ló fà á" ni kì í jẹ́ kó sinmi. Bí òjò bá rọ̀ sí oko ẹlòmíràn tí kò rọ̀ sí tirẹ̀, kò ní bínú, ìdí rẹ̀ ni yóò máa wá. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé kan tó sì fi èkejì sílẹ̀, Ràúfátù á já èyí tí ewúrẹ́ fi sílẹ̀, á tọ́ ọ wò. Inú ti tìtorí bẹ́ẹ̀ run ún lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni o! Àwọn tí wọ́n jọ ń yan gààrí sọ ọ́ ní Ìyá Kí-ló-fà-á, kò sì bá wọn jà. Ó kàn béèrè ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tó fi ń jẹun kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn àbúrò ọkọ pín oko láàárín ara wọn, wọ́n pín in débi pé ibi tí adìẹ opó yóò tẹ̀ sí kò ṣẹ́kù. Bàbá Àdìsá, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ló yá a ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ko-Koumolou. Ọdún kẹsàn-án nìyí. Ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ló ń yan ní gààrí, gààrí náà ló sì fi tọ́ Mùríìdì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ó fi lọ kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹlòmíràn tó lè yá a nílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ yíyá lọ́dọ̀ wa kò ju méjì lọ, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í gbin igi sórí rẹ̀, kì í sì í pa igi tó bá níbẹ̀. Àgbàdo kò lẹ́jọ́, ẹ̀gẹ́ kò lẹ́jọ́, nítorí bí àkókò wọn bá tó, wọn á jáde nílẹ̀ bí àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Igi ní tirẹ̀ ń pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ti sọ pé òun ló ni ín, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Nítorí igi kan ṣoṣo, a ti rí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò kí ara wọn lọ́jọ́ ọdún Iléyá.

Igi mẹ́ta wà ní etí oko náà. Kásíà ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n. Bàbá Àdìsá fúnra rẹ̀ ló gbìn wọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ń pín irúgbìn igi káàkiri. Wọ́n ti ga, wọ́n ti sanra, ewé wọn tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, òjìji wọn sì ti ń pa ẹ̀gẹ́ Ràúfátù lára. Bẹ́ẹ̀ igi ìdáná ti di ọ̀ràn. Igbó tí à ń ṣẹ́gi nínú rẹ̀ nígbà kan ti di oko ọ̀pẹ àti ilé oníbíríkì, àwọn obìnrin ń rìn dé Lagbé kí wọ́n tó rí ẹrù igi kan. Ojoojúmọ́ ni Ràúfátù ń gba abẹ́ igi mẹ́ta yìí kọjá, á gbé orí sókè, á ní: "Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí lẹ̀ ń ṣe lókè yẹn?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Amandine gun alùpùpù wá sí Ko-Koumolou láti ilé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń gé igi kí igi má kú. Ọmọ apá òkè, níhà àríwá, ni, kò gbọ́ Yorùbá, Faransé ló ń sọ. Fádípẹ̀, tó ń kọ ọ̀pẹ lóko ẹ̀gbẹ́ ti Ràúfátù, ló ń tú u fún àwọn tó jókòó. Ṣùgbọ́n Ràúfátù ti ka ìwé dé CM1, ọdún karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Iwájú pátápátá ló jókòó sí.

"Fádípẹ̀, rọra sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi o jàre," ló sọ. "Mo ń gbọ́ Faransé."

Ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé láti gbé gààrí tó bù dání sẹ́nu. Amandine ní igi tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ tó ohun tó wà lókè. Bí a bá gé e dáadáa, gbòǹgbò kò mọ̀ pé orí ti lọ, yóò máa gbé oúnjẹ bọ̀ lásán ni. Àwọn ojú kan wà tó ń sùn lábẹ́ èèpo igi, bí ojú iṣu. Oúnjẹ náà ni yóò jí wọn, ẹ̀ka tuntun yóò sì rú jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta a ó tún gé wọn, wọn yóò tún rú. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè gé igi nídìí, kí kùkùté má ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. A sì lè bẹ́ ẹ lórí, ní ìwọ̀n àyà, kí ẹnu ewúrẹ́ má baà tó ẹ̀ka tuntun. Irú igi ló ń sọ ọ̀nà tí a ó lò.

"Le cassia, en bas," ni Amandine wí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wá nàró, ó gbá ara rẹ̀ láyà. "L'acacia, jamais en bas. Ici!"

Ràúfátù gbọ́ èkíní ketekete: kásíà, nísàlẹ̀. Èkejì, "lakasíà", kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé igi àwọn ará òkè ni, níbi tí Amandine ti wá, ó sì fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ó ti béèrè ìbéèrè mẹ́rìnlá lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ti ń kùn. Ìyẹn nìkan ni ìbéèrè tó gbé mì láyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Àdìsá nílé láti tọrọ àyè kí òun gé igi mẹ́ta náà. Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún méjì. Ó ń rí òjìji ènìyàn, kò rí ojú ènìyàn. Ìdírísù, ọmọ rẹ̀ àgbà, ló ń gbé e kiri lórí alùpùpù.

"Igi tí a bẹ́ lórí tí kò ní kú?" Bàbá Àdìsá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìyá Mùríìdì, Faransé yìí yóò pa yín."

"Bàbá, gbòǹgbò ni kò mọ̀ pé—"

"Èmi mọ̀." Ó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀. Inú rẹ̀ náà fẹ́ mọ̀, a lè rí i lójú rẹ̀. "Bọ́n, mo gbà. Gé wọn. Bí ọ̀kan bá kú, màá ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí ó bá di méjì, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló pa igi mi. Títí àgbàdo yóò fi yọmọ ni mo fún ọ. Màá wá síbẹ̀ fúnra mi. Bí méjì bá kú, èmi àti ìwọ ti pín gààrí nìyẹn, o ó dá ilẹ̀ mi padà fún mi."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí àgbàdo bá yọmọ, Bàbá? Bí ó bá jẹ́ pé—"

"Ìyá Mùríìdì!"

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gé wọn. Ó yá ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, ó pọ́n àdá títí ó fi ń dán. Èkíní àti èkejì, ó gé wọn nídìí gẹ́gẹ́ bí Amandine ti wí. Ó dá ojú kùkùté wọn nídàgẹ̀rẹ̀ kí omi òjò má baà dúró sórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí èèpo ya. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, ó dúró. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá gé èyí láàyà? Kò sí ìdí kankan ju pé ó fẹ́ mọ̀. Ó bẹ́ ẹ lórí, igi náà sì dúró síbẹ̀ bí òpó tí ilé wó mọ́ lórí. Igi ìdáná tó kó lọ́jọ́ náà kún ẹ̀yìnkùlé. Iná rẹ̀ mú, gààrí rẹ̀ gbẹ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ wá wo ibi tó ti rí igi.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó gbin àgbàdo, àgbàdo hù. Igi kẹta, èyí tó bẹ́ lórí, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan pupa róbótó lára èèpo, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ewé ti bò ó lórí. Inú Ràúfátù dùn débi pé ó ń kí i ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n kùkùté méjèèjì kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó fi èékánná ha èèpo wọn, ó bu omi sí wọn nídìí bí ẹni pé òjò kò tó. Ohun tó kọ́kọ́ hù lára wọn ni olú funfun. Ẹni tó bá sì ti rí olú lára igi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin náà, ẹ̀rù gidi.

Nígbà tí Amandine padà wá, Ràúfátù fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á bọ́ lórí alùpùpù. Ó mú un lọ sóko. Ọmọbìnrin náà wo kùkùté méjèèjì, ó wo igi kẹta, ó já ewé kan lára rẹ̀.

"Maman," ló bi í ní Faransé, "ta ló ní kí ẹ gé wọn nílẹ̀?"

"Ìwọ ni! O ní kásíà, nísàlẹ̀."

"Kásíà ni mo sọ. Èyí kì í ṣe kásíà." Amandine gbé ewé náà sí i lọ́wọ́. "C'est l'acacia, ça. A-ka-sí-à."

Ràúfátù tún orúkọ náà pè. A-kásíà. Kásíà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà pín igi yìí, "akasíà" ni wọ́n pè é, àwọn bàbá wa sì gbọ́ ọ ní kásíà, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹnu wa ti bẹ́ orúkọ igi náà lórí kí àdá tó kan igi. Kásíà tòótọ́ ni igi olódòdó yẹ́lò tó wà nídìí ilé ìwé, èyí tí abúlé ń pè ní igi ọba.

Fádípẹ̀ gbọ́ ariwo wọn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo wo fọ́tò tó fi hàn mí, mo ní eléwé dòjé, ẹ gé e láàyà. Gbogbo wa ló gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀."

Ràúfátù jókòó sórí kùkùté, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin yìí o! Kò tíì nu ojú rẹ̀ tán tó fi bi Amandine pé: "Kí ló dé tí akasíà fi ń rú láàyà tí kì í rú nídìí?"

Amandine ní èèpo ìdí rẹ̀ máa ń nípọn bí ó bá ti dàgbà, àwọn ojú tó sùn síbẹ̀ á kú sínú oorun. Òkè ni èèpo ti ń tutù. Ó ní nígbà mìíràn ṣá, èyí tí a gé nídìí máa ń rú. Kí ó máa ṣọ́ ọ.

Ó ṣọ́ ọ. Nígbà tí àgbàdo tó orúnkún, nǹkan tútù kan yọ lẹ́bàá kùkùté kejì, ó fara mọ́ èèpo rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ràúfátù wólẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní "Alihamudulilahi" títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ti yè. Bàbá ti ní òun yóò fi ọ̀kan jin Ọlọ́run. Ilẹ̀ kò ní bọ́.

Àfi ewé rẹ̀. Ewé kékeré yẹn kò jọ ewé ìyá rẹ̀. Ó pín wẹ́wẹ́ bí ewé patanmọ́, nígbà tí ẹ̀ka tó rú lórí igi kẹta gbé ewé dòjé jáde láti ọjọ́ kìíní. Kí ló fà á? Ó ní kí òun má béèrè. Ó ń pa koríko, ó ń rò ó. Ó ń yan gààrí, ó ń rò ó, gààrí jóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gbìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé dòjé tirẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ sì ń rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ràúfátù náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ìka kan ṣoṣo wa ilẹ̀ ibẹ̀, òun yóò mọ òtítọ́, nítorí náà ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sínú ìró nígbàkigbà tó bá débẹ̀.

Àgbàdo yọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, Ìdírísù gbé bàbá rẹ̀ wá. Ràúfátù kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá Àdìsá kò jókòó. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sídìí igi òun.

Ó fọwọ́ pa igi kẹta lára, ó fa ẹ̀ka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó rú! Faransé yín mọ nǹkan kan." Wọ́n mú un dé ìdí kùkùté kìíní. Ó fi ọ̀pá kàn án, ó dún bí igbá tó ṣófo. "Èyí ti lọ." Wọ́n dé ìdí ìkejì. Ó bẹ̀rẹ̀, Ìdírísù mú ọwọ́ rẹ̀ lé ewé náà.

"Bàbá, ó rú," ni Ìdírísù wí. Ó ti fẹ́ padà sídìí alùpùpù, ó ń retí oníbàárà nílé. "Ó dára. Ó ku kí a máa lọ."

"Ó rú," ni Bàbá Àdìsá wí. Ó fi ìka pa ewé náà lára. "Ìyá Mùríìdì, ó rú."

Ó yẹ kó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré ni, oko jẹ́ tirẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.

"Ẹ dúró ná, Bàbá," ló wí.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wa ilẹ̀. Ó wà á díẹ̀, ó wà á sí i. Láàárín èèpo kùkùté àti ohun tútù náà, erùpẹ̀ ni, erùpẹ̀ lásán, ó tó ìbú ìka kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó fà á, ó sì tu jáde pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, tó gùn tó sì tínrín bí okùn ìránṣọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ láti nǹkan bí oṣù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Fún ìṣẹ́jú kan inú rẹ̀ dùn, àní ó dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí oko.

"Bàbá, kò rú. Kùkùté ti kú. Èso igi ló bọ́ sílẹ̀ tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ hú u?" Ìdírísù pariwo. "Ṣé mo bi yín ni?"

Bàbá Àdìsá na ọwọ́, wọ́n gbé ọ̀gbìn náà sí i. Ó fi ìka tọ gbòǹgbò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé e sí imú.

"Méjì ti kú," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo ti sọ̀rọ̀, n kò ní yí i padà. Ilẹ̀ tí mo yá ọ, mo gbà á lónìí."

Ràúfátù mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, síbẹ̀ ó dùn ún wọra. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí erùpẹ̀ tó hú. "Ẹ ṣeun fún ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ká àgbàdo yìí, màá kó ẹrù mi."

"Láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣú," ni Bàbá Àdìsá wí, bí ẹni pé kò gbọ́, "ó dára ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi. Òrùlé ń jò, wọ́n á ní ó dára. Ọbẹ̀ ti kan, wọ́n á ní ó dára. Ìwọ nìkan lo sọ fún mi pé ó ti kú." Ó na ọ̀gbìn náà sí i. "Gbà. Gbìn ín."

"Níbo, Bàbá?"

"Níbi tí o ti hú u."

Ìdírísù di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ní kó ṣe? Igi lẹ ní kó gbìn."

"Ojú ló ń ṣú mi, Ìdírísù, kì í ṣe ọpọlọ. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Rántí ọjọ́ òní, kí o sì sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ."

Ràúfátù gba ọ̀gbìn náà, ṣùgbọ́n kò lè gbéra. Ó kàn ń wo ojú bàbá náà, gbòǹgbò tínrín náà sì ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́.

"Ìyá Mùríìdì," ni Bàbá Àdìsá wí, "kí lò ń dúró ṣe? Oòrùn ń pa igi rẹ."